Ọjọ́ Kẹjọ: Àwọn Ohun Kéékèèké inú Ìkómọjáde gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ìfáárà



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀kọ́ ìwà ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, pé kí ènìyàn rántí ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ṣùgbọ́n etí òpìtàn lè gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni a wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá di orúkọ náà mú lè tọ ipa rẹ̀ padà dé ilé tí a wò. Yóò rí ipò tí ilé náà wà lọ́jọ́ náà, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, ohun tí ó ń fi ṣe ayọ̀, ẹ̀sìn tí ó ń sìn, àti ọjà tí ó ń ná.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo fẹ́ fi hàn pé àwọn ohun kéékèèké tí a ń ṣe nínú ayẹyẹ ẹbí, èyí tí a máa ń pè ní àṣà lásán, jẹ́ ẹ̀rí ìtàn tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Mo sì fẹ́ fi hàn pé apá kan nínú ẹ̀rí náà ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa, pàápàá jù lọ èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé wá. Ayẹyẹ tí mo yàn láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni ìkómọjáde, nítorí pé kò sí ilé Yorùbá tí kì í ṣe é, ìbáà ṣe ilé ọlọ́rọ̀ tàbí ti tálákà, ilé Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí ti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀.

Ìwé méjì kan wà tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ wọn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni ó tó jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀, nípasẹ̀ iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson. N. A. Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939 lórí ètò àwùjọ Yorùbá. Ọdún 1970 ni a tẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Johnson ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí wa jù lọ lónìí, nítorí pé láàrin ìròyìn ogun àti ọba, ó rí àyè láti sọ bí a ti ń kó ọmọ jáde.

Ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá òde òní léèrè pé ọjọ́ wo ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, yóò dáhùn pé ọjọ́ kẹjọ ni. Yóò sì sọ ọ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, tí ọjọ́ kẹjọ sì jẹ́ ti ìbejì. Ọjọ́ kẹjọ tí gbogbo wa ń lò lónìí, ti ìbejì nìkan ni nígbà náà. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn baba wa fi ń jẹ́ ọrún: bí ọjà bá ná lónìí, ọjọ́ tí yóò tún ná ni ọjọ́ karùn-ún. Ọjà ìsán bákan náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà láàrin ìná kan àti èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ni a óò sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí a bí ní ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ifá ni. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ méjì ti pé gérégé. Ní ti ọmọbìnrin, àwọn àgbà máa ń sọ pé egungun méje ni obìnrin ní, tí ọkùnrin sì ní mẹ́sàn-án. Àlàyé yìí kò bá ìmọ̀ ìṣègùn mu, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iye ọjọ́ náà ní ìdí lọ́kàn àwọn tí ń kà á.

Ẹ wá fi ọ̀nà kan náà ka ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kan ti pé gérégé. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ọ̀sẹ̀ mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ti ọ́fíìsì àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú jíhàd ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí a pa ẹran fún ọmọ, kí a sì sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí ó bá pé ọjọ́ méje. Bí Yorùbá bá kà á, ọjọ́ kẹjọ ni. Àwọn míṣọ́nnárì dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842, wọ́n sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846. Nínú Bíbélì tí wọ́n mú wá, Ìhìnrere Lúùkù orí kejì, ọjọ́ kẹjọ ni a sọ Jésù lórúkọ. Ẹ̀sìn méjèèjì, tí wọn kì í sábà fẹnu kò lórí ohun púpọ̀, fẹnu kò lórí ọjọ́ yìí.

Nítorí náà, ní èrò tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ni ìyípadà láti ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹjọ. Ìyípadà kàlẹ́ńdà ni. Ìgbà tí ilé kan dẹ́kun kíka ọjọ́ kẹsàn-án fún ọmọkùnrin ni ìgbà tí ọ̀sẹ̀ ọjà ìbílẹ̀ kò tún jẹ́ òṣùwọ̀n ayé mọ́ nínú ilé náà. Kò sí aṣojú ọba tàbí ajẹ́lẹ̀ tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wa. Bí a bá lè béèrè láti agbo ilé dé agbo ilé pé ọjọ́ kelòó ni a sọ bàbá bàbá yín lórúkọ, a óò ní àwòrán bí kàlẹ́ńdà tuntun ti ń wọlé ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún kíyè sí i pé ìyàtọ̀ láàrin ọkùnrin àti obìnrin pòórá nínú kíka ọjọ́ náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí.

Omi orí òrùlé

Johnson sọ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ yóò kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilé, àti pé ibẹ̀ ni a ti rí gbólóhùn náà, kó ọmọ jáde. Àwọn ẹbí yóò péjọ, a óò da omi sókè sórí òrùlé, a óò sì gbé ọmọ sábẹ́ ìgbàtí kí omi tí ń kán bọ̀ lè ta sí i lára. Ọmọ yóò ké, ẹbí yóò sì hó fún ayọ̀.

Nǹkan méjì ni ó wà nínú ìṣe kékeré yìí. Èkínní, ó gba kí ilé ní ìgbàtí tí ó rẹlẹ̀, kí òrùlé sì jẹ́ ti koríko tàbí ti ewé, tí yóò gba omi tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí páànù gba orí ilé ní àwọn ìlú ńlá, tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì gbé ìgbàtí lọ sókè réré, omi náà kò lè kán bí ó ti ń kán tẹ́lẹ̀. Omi kò kúrò nínú ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé wá sínú abọ́. Ìka ni a fi ń tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu tàbí sí i níwájú orí nísinsìnyí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé omi kò ní ọ̀tá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ilé kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá yóò rí ojú ewé kan nínú abọ́ omi ìkómọjáde.

Èkejì, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti yapa kúrò lára ìṣe. Ọmọ tí a bí ní ilé ìwòsàn ti jáde kí a tó kó o jáde. Ó ti gun mọ́tò, ó ti rí oòrùn, ó tilẹ̀ lè ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Síbẹ̀, ìkómọjáde ni a ṣì ń pè é. Èdè a máa tọ́jú ohun tí ìṣe ti gbàgbé. Bí gbogbo ìwé tilẹ̀ jóná, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí yóò ṣì sọ fún wa pé nígbà kan rí, inú ilé ni a ń bí ọmọ sí, inú ilé ni ìyá sì ń wà títí ọjọ́ yóò fi pé.

Ohun tí ó wà nínú àwo

Gbogbo wa ni a mọ àwo ìsọmọlórúkọ: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, epo, ẹja àti ìrèké, bí ìlú bá ti ń ṣe é sí. A mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn. Obì ni í bi ibi sẹ́yìn. Orógbó, kí ọmọ ó gbó. Ataare kì í bímọ tirẹ̀ láàbọ̀. Orí ni ẹja fi í la ibú já. Àwọn onímọ̀ èdè ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí ìró ọ̀rọ̀ ti ń bí àdúrà. Èmi fẹ́ béèrè ìbéèrè oníṣòwò: níbo ni a ti rà wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a mú obì. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Obì àbàtà, tí ó sábà máa ń ní awẹ́ mẹ́rin, ni obì ilẹ̀ wa láti àtètèkọ́ṣe. Gbànja, aláwẹ́ méjì, ìhà Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, ni a ti mú un wá. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ ìhà Agége ti ń gbìn ín, ó sì tàn dé ilẹ̀ Rẹ́mọ. Nígbà tí ọ̀nà ojú irin dé Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1910, ọjà gbànja gbòòrò, nítorí pé òun ni àwọn Hausa fẹ́ràn láti jẹ. Owó gbànja kọ́ ilé, ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fi owó nìkan díwọ̀n, gbànja ni ó yẹ kí ó gba àyè àbàtà níbi gbogbo.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwo. Obì àbàtà ni àwọn àgbà ń béèrè fún ìwúre títí di òní, nítorí pé òun ni ó ṣeé pa kí a sì dà á sílẹ̀ láti mọ ohun tí ó sọ. Àgbẹ̀ tí ó ń fi gbànja ránṣẹ́ sí òkè Ọya yóò tún wá àbàtà lọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Àwo náà tọ́jú ohun ọ̀gbìn àtijọ́ lójú ọjà tí kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí mọ́.

Àwo náà kì í sì í kọ àlejò. Ṣúgà wọ ibẹ̀, ó jókòó ti oyin àti ìrèké, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọmọ. Ní ilé Kìrìsìtẹ́nì, Bíbélì wọ ibẹ̀. Ní àwọn ilé tí ó fẹ́ kí ọmọ kàwé, kálàmù wọ ibẹ̀. Tí a bá rí àkójọ àwọn ohun tí ó wà nínú àwo ẹbí kan fún ìran mẹ́ta, a óò rí ìgbà tí ìwé kíkà di ìrètí ilé náà. Ìyẹn kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ìrètí a máa ṣáájú ìforúkọsílẹ̀.

Owó inú omi

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù lọ. Nínú ìkómọjáde, kì í ṣe bàbá ọmọ nìkan ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ. A óò gbé abọ́ omi kalẹ̀, ìyá bàbá yóò wá, bàbá ìyá yóò wá, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọ̀rẹ́ ẹbí. Olúkúlùkù yóò ju owó sínú omi, yóò sì pe orúkọ tí òun fẹ́ kí ọmọ máa jẹ́. Owó ẹyọ ni nígbà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1912, pẹ́nì àti ṣílè ni ó ń bọ́ sínú omi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Nígbà tí kọ́bọ̀ sì di ohun tí a kò fi rí nǹkan rà mọ́, owó bébà ni ó kù, owó bébà kì í sì í fẹ́ omi. Ní ọ̀pọ̀ ilé, abọ́ omi ti di àwo gbígbẹ, ó tilẹ̀ ti di àpò ìwé. Ìyípadà owó orílẹ̀-èdè ti wọ inú àbọ̀ kékeré náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni orúkọ tí ó ń bá owó náà wọlé. Ẹnìkan kò dá ìtumọ̀ ìbí ọmọ pa. Bàbá lè pè é ní Olúwáṣeun nítorí iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ìyá bàbá lè pè é ní Babátúndé nítorí ọkọ rẹ̀ tí ó kú. Ìyá ìyá, tí ó ti bá ọmọ rẹ̀ sunkún àwọn ọmọ tí kò dúró, lè pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún tàbí Málọmọ́. Orúkọ mẹ́ta ni, ìtàn mẹ́ta sì ni, gbogbo wọn sì jẹ́ òtítọ́.

Ẹ ronú lórí àwọn orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Kòsọ́kọ́. Ọba kan tilẹ̀ jẹ ní Èkó láti 1845 títí di 1851 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kòsọ́kọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ọkọ́ tí a óò fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ṣáájú kí ìjọba tó máa ka òkú ọmọ, àwọn ìyá ti ń kà á, orúkọ sì ni ìwé wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣe ìwádìí olókìkí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lórí ìlera àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì fi hàn pé ìtọ́jú àti ìwọ̀n déédéé lè dín ikú wọn kù. Ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn arúgbó ní abúlé kan náà yóò rí iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kí dókítà náà tó dé. Lónìí, a kì í sábà gbọ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ tuntun ní ìlú ńlá. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ìtìjú orúkọ àtijọ́. Apá kan rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, jẹ́ pé ìdí tí a fi ń sọ ọ́ ti dín kù.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ohun tí kò gbà

Orúkọ tí a ń gbé lọ sínú ìwé ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé-ẹ̀kọ́ mú orúkọ ìdílé dé, orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo, tí ó sábà máa ń jẹ́ bàbá tàbí bàbá àgbà, dúró di ti gbogbo ìran rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ní àwọn ọdún 1890 jà fún orúkọ Yorùbá lójú orúkọ òyìnbó. Ọ̀kan nínú wọn, àlùfáà David Brown Vincent, yí orúkọ tirẹ̀ padà sí Mojọlá Agbébí ní 1894. A dúpẹ́ fún ìjà wọn. Ṣùgbọ́n èdè orúkọ ni wọ́n jà fún. Wọn kò jà fún iye àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Òfin 69 ti ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan jákèjádò Nàìjíríà. Òfin rere ni, nítorí ọmọ tí kò ní ìwé ìbí a máa rí ìṣòro lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ ni ó wà nínú ìwé náà fún orúkọ, kò sì béèrè ẹni tí ó sọ ọ́ tàbí ìdí tí ó fi sọ ọ́. Nínú àyè díẹ̀ yìí, orúkọ tí bàbá yàn ni ó sábà máa ń wọlé. Orúkọ tí ìyá ìyá fi owó inú kèǹgbè rẹ̀ sọ ọmọ yóò dúró sí ẹnu rẹ̀ nìkan. Òun nìkan ni yóò máa fi pè é. Ní ọjọ́ tí ó bá kú, orúkọ náà bá a lọ, ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Nínú ìtàn wa tí a kọ sílẹ̀, ohùn obìnrin ilé ṣọ̀wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n nínú lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì, ó ṣọ̀wọ́n nínú àkọsílẹ̀ kóòtù, ó sì ṣọ̀wọ́n jù nínú ìtàn ogun. Abọ́ omi ìkómọjáde jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ìyá àgbà, ìyàwó ilé àti ọmọ osú ti ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, kí a sì gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Bí a bá jẹ́ kí àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣègbé, ìdajì ẹbí ni a pa lẹ́nu mọ́.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun mọ ìṣòro yìí ju tiwa lọ. Tókunbọ̀ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí ìyá àgbà tí yóò ju owó sínú omi fún un. Lẹ́tà, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tẹlifóònù, ni ó ń gbé orúkọ ránṣẹ́. Ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà yẹn gan-an ni ó gba orúkọ náà là, nítorí pé a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó fi ránṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ sọ fún wa nípa kàlẹ́ńdà, pé omi sọ fún wa nípa òrùlé àti ilé ìgbẹ̀bí, pé obì sọ fún wa nípa ọjà, àti pé abọ́ owó sọ fún wa nípa ẹni tí ó ní ohùn nínú ẹbí. N kò sọ pé kí a padà sí ọjọ́ kẹsàn-án, tàbí kí a tún máa da omi sórí páànù. Ẹbí tí ó yí àṣà rẹ̀ padà kò ṣẹ̀. Ìyípadà náà fúnra rẹ̀ ni ìtàn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a yí i padà láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkínní wà fún gbogbo ilé. Nígbà tí ẹ bá tún ń kó ọmọ jáde, ẹ fi ìwé kan àti ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà. Kí ó kọ gbogbo orúkọ, ẹni tí ó sọ ọ́, bí ó ti bá ọmọ tan, àti ìdí tí ó sọ. Iye owó nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí kọ. Èkejì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Kí ẹ tó lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yín, kí ẹ bi í léèrè orúkọ tí òun fi ń pè yín tí ẹnikẹ́ni kò fi pè yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, nítorí pé orúkọ tí a kò fi àmì sí lè di orúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní ọdún tí ó sọ ọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni ojú ewé kìíní ìtàn yín.